Ìwádìí Ìṣègùn Ìbàdàn: Òkìkí Tó Kárí Ayé, Gbèsè Tó Wà Nílé

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àpéjọ àwọn ará ìlú àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn

Alága ìjókòó òní, ẹ̀yin Mọ́gàjí àti Baálẹ̀ tí ẹ wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ kọ́ wa níṣẹ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí bí ẹni pé kò sí ìdánwò lọ́la, mo kí yín o. Ẹ kú àpéjọ, ẹ kú ìjókòó. Mo júbà àwọn àgbà kí n tó la ẹnu.

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìwádìí tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn UCH ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí n sì sọ ipa tí iṣẹ́ náà ti ní láyé. Bí mo bá ní kí n máa ka àwọn ìwé ìwádìí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á tún mọ́, a ò ní tíì dé ìdajì. Nítorí náà ìbéèrè kan péré ni mo gbé wá: nínú gbogbo ohun tí àwọn olùwádìí ti mọ̀ láti ara àwa ará Ìbàdàn, láti inú ẹ̀jẹ̀ wa, láti inú oúnjẹ wa, láti ara màlúù àti eku àdúgbò wa pàápàá, èwo ló ti padà wá sọ́dọ̀ wa? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi hàn yín pé iṣẹ́ náà tóbi, nítorí adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Lẹ́yìn náà ni n ó wá sọ gbèsè tó wà nílẹ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ Yunifásítì London, ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún ẹ̀kọ́ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Adéọ̀yọ́ kò gba iṣẹ́ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà sì ní láti wọ ọkọ̀ òkun lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin tó dá UCH sílẹ̀ jáde ní 1952, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1957, nígbà tó sì di 1960, ọdún òmìnira gan-an, àwọn dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní Ìbàdàn jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iye ọdún tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo láyé òde òní, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nípa àwọn àkọ́kọ́ wọ̀nyí: wọn kò jókòó sí Òrìtà Mẹ́fà kí àrùn máa wá bá wọn. Wọ́n jáde lọ bá a ní abúlé. Dókítà Herbert Gilles àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lọ sí abúlé Akùfọ̀, nítòsí Ìbàdàn níhìn-ín, wọ́n yẹ omi wọn wò, wọ́n yẹ oúnjẹ wọn wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn wò, títí wọ́n fi mọ ohun tó ń ṣe àwọn ènìyàn ibẹ̀. Òun àti Ralph Hendrickse tó jẹ́ dókítà ọmọdé ló fi hàn ní 1963 pé irú ibà kan tí kòkòrò rẹ̀ ń jẹ́ Plasmodium malariae wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín àwọn ọmọ wa jẹ́, tí ojú àti ẹsẹ̀ wọn fi ń wú. Ní 1963 yìí kan náà ni ètò ìlera Ìbàràpá bẹ̀rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń lọ gbé láàárín àwọn àgbẹ̀, tí ó ń kọ́ bí àìsàn ṣe rí kí ó tó di ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wá sí UCH. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà níwájú mi yìí ti sùn sí Igbó-Ọrà rí. Mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ ilasa ibẹ̀ ni ẹ rántí, àbí àwọn ìbejì wọn?

Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá nínú ìwé àwọn àjèjì

Ta ni kò mọ Dùgbẹ̀ nínú wa? Ta ni kò tíì gba Mọ́kọ́lá kọjá rí? Àmọ́ ẹ̀yin mélòó lẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ṣí ìwé àwọn onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ní Jámánì tàbí ní Japan, ẹ ó bá Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá níbẹ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Rockefeller Foundation, wọ́n dá ilé àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú. Wọ́n á fọwọ́ tú eégbọn lára màlúù tí wọ́n kó wá láti Òkè Ọya, wọ́n á pín wọn sínú ìgò kéékèèké gẹ́gẹ́ bí irú wọn, wọ́n á lọ̀ wọ́n, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un sínú ọpọlọ ọmọ eku funfun tí kò tíì ju ọmọ ọjọ́ mélòó kan lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á máa ṣọ́ ọmọ eku náà láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: ṣé ó ń mu ọmú? Ṣé ó ń gbọ̀n? Ṣé ìyá rẹ̀ ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́? Èyí tó bá kú ni wọ́n á tún yẹ̀ wò láti mọ ohun tó pa á. Báyìí ni wọ́n ṣe rí fáírọ́ọ̀sì kan ní 1964 láti ara eégbọn màlúù, tí wọ́n fi Dùgbẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹbí ló jẹ́ fún fáírọ́ọ̀sì ibà ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Crimean-Congo, èyí tó ń pa ènìyàn. Nítorí pé Dùgbẹ̀ kò burú tó ẹbí rẹ̀ yìí, òun ni àwọn olùwádìí máa ń lò nínú ilé àyẹ̀wò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ẹbí náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní 1968 wọ́n rí òmíràn lára asín, asín tí a mọ̀ yìí tí òórùn rẹ̀ ń tú ọjà ká. Àdúgbò Mọ́kọ́lá ni wọ́n ti mú asín náà, orúkọ tí fáírọ́ọ̀sì náà sì ń jẹ́ títí di òní nìyẹn. Mọ́lẹ́bí fáírọ́ọ̀sì tó ń fa dìgbòlugi ni. Wọ́n rí i lára ọmọdé méjì pẹ̀lú ní Nàìjíríà, ọ̀kan nínú wọn sì kú. Ohun tó mú kí ayé fiyè sí i ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tí gbogbo ayé gbójú lé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára kankan lórí Mọ́kọ́lá. Ìmọ̀ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìdílé àrùn náà fẹ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ. Nínú ilé àyẹ̀wò yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tòmórí ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó gbé e lọ kí ó lọ to àwọn ilé àyẹ̀wò tó ń ṣọ́ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jọ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ wò ó, mo bi ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ṣe ní Mọ́kọ́lá bóyá ó ti gbọ́ nǹkan yìí rí. Ó ní bóyá àwọn ọ̀tá àdúgbò ló fẹ́ ba Mọ́kọ́lá lórúkọ jẹ́. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ta ló sọ fún un?

Ẹ̀gẹ́, ẹsẹ̀ tó ń ta, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun

Bí mo bá ní kí n mú ẹnì kan ṣoṣo tí ìtàn ìwádìí ìṣègùn Ìbàdàn rọ̀ mọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ni n ó mú, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó di ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ọpọlọ àti iṣan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn aláìsàn kan ń wá, pàápàá láti agbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n bí iná. Díẹ̀díẹ̀ wọn kò ní lè dúró tí wọ́n bá dijú. Wọ́n á máa rìn tàgétàgé bí ọ̀mùtí, ojú wọn á máa ṣú, etí wọn á máa di. Ẹlòmíràn nínú wọn ti ná gbogbo owó rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó sọ fún un pé ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní oríta.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀gẹ́ ni, ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ lálẹ́, láìsí ẹja tàbí ẹran tó pọ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì rí i pé àmì oró sáyánáìdì tó máa ń wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ tó pọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1968 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Brain ní London, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo oúnjẹ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ènìyàn ń jẹ.

Ó parí síbẹ̀ ni? Rárá o. Ní 2000, èyí tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́ yẹn, àwọn olùwádìí mìíràn láti ilé ẹ̀kọ́ kan náà gbé ìwé jáde lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Ọ̀sọ̀sà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àrùn náà ṣì wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ti ń tán lọ. Wọ́n ṣì ń bá a lára àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń jiyàn bóyá sáyánáìdì nìkan ló fà á tàbí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àríyànjiyàn onímọ̀ dára, bí ìmọ̀ ṣe ń dàgbà nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: láàárín ọgbọ̀n ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹnì kan jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ṣe fùfú ní agbègbè náà láti sọ fún wọn pé ọjọ́ tí wọ́n ń yọ kúrò nínú rírẹ ẹ̀gẹ́ nítorí kí ọjà má bàa bọ́ lọ́wọ́ wọn, nǹkan ńlá ló wà nínú rẹ̀? Ìwé náà dé London. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó dé ìdí agbada gààrí.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ

N ò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, ẹ ti gbọ́ ọ. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé dípò kí ó tì wọ́n mọ́lé, ó sì ń bá àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà ò tíì lè jókòó tì wọ́n. Láti ibẹ̀ ló ti wá sí Ìbàdàn, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó di ọ̀gá yunifásítì, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva.

Àjọ yẹn kan náà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ìlú mẹ́sàn-án láyé nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, láti mọ bí àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia ṣe ń rí níbi gbogbo. London wà níbẹ̀, Washington wà níbẹ̀, Moscow wà níbẹ̀, Ìbàdàn náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn wọ̀nyí lẹ́yìn ọdún méjì, àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àwọn ti Ìbàdàn wà lára àwọn tí ara wọn yá jù. Ó ya àwọn aláwọ̀ funfun lẹ́nu gidigidi. Títí di òní wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní mọ́lẹ́bí tí kò ju ènìyàn rẹ̀ nù ni, àwọn kan ní ọ̀nà tí wọ́n fi kà á ni kò dọ́gba. Èmi ò ní dá ẹjọ́ náà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlú tí ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ ẹbí tó ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni a ti ń rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lónìí tó ń sùn lábẹ́ afárá, tí gbogbo wa ń yà fún un.

Ìdíkàn àti ẹ̀jẹ̀ tó rìn jìnnà

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n fara balẹ̀.

Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti Dókítà Hugh Hendrie láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn tí í mú iyè àgbàlagbà ra, tí kò fi ní mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ń mú àwọn Yorùbá bí ó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Amẹ́ríkà. Àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn níhìn-ín ni wọ́n mú. Wọ́n ń lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, wọ́n ń wá àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò lè lo irú ìdánwò tí wọ́n ń lò lókè òkun. Ẹ kò lè sọ fún ìyá tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí pé kí ó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ tàbí kí ó ka nọ́ḿbà sẹ́yìn láti ọgọ́rùn-ún ní méje-méje. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ṣé iyè rẹ̀ ti ra nìyẹn? Wọ́n tún ìbéèrè náà tò ní Yorùbá, wọ́n sì ń bi ọmọ tàbí ìyàwó ilé léèrè pẹ̀lú: ṣé Màmá ṣì ń rántí ibi tí wọ́n fi owó sí? Ṣé wọ́n ti ṣìnà láàárín àdúgbò rí?

Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì jẹ́ aṣáájú nínú wọn, kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, wọ́n ti tẹ̀ lé àgbàlagbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis. Nínú 1,000 àgbàlagbà níbí, bí 13 tàbí 14 ni àrùn náà ń mú lọ́dún kan; ní Indianapolis, bí 32 ni. Jíìnì kan sì wà, ìyẹn àbùdá tí a ń jogún, tó ń jẹ́ APOE ε4, tí wọ́n mọ̀ sí ọ̀tá ńlá lókè òkun nítorí pé ó ń dá kún ewu àrùn náà. Lára àwọn Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò nígbà náà, wọn ò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìdíkàn tó wà níbí, àwọn ìyá àti bàbá yín ló yí ohun tí ayé ń kọ nípa àrùn yìí padà.

Ó tún kù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán ìyàtọ̀ tó wà nínú DNA ọmọ ènìyàn, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tí a jogún, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní HapMap, ènìyàn 270 ni wọ́n kọ́kọ́ lò láti gbogbo ayé. Àádọ́rùn-ún nínú wọn jẹ́ Yorùbá ní Ìbàdàn: ọgbọ̀n ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rótìmí, ọmọ Nàìjíríà, ló ṣáájú iṣẹ́ náà níhìn-ín. Lẹ́tà mẹ́ta, YRI, ni wọ́n fi ń pè wá nínú ìwé àwọn onímọ̀ láti ìgbà náà, kò sì sí ilé ìwádìí jíìnì tó mọ ohun tó ń ṣe tí kò mọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Ní 2008, lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n ka gbogbo DNA wọn láti orí dé ẹsẹ̀, ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, bí ó sì ṣe yẹ nìyẹn. Nọ́ḿbà ni wọ́n fi pè é. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí wà ní ìpamọ́ ní Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí olùwádìí láti ibikíbi ti lè san owó kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Mi ò sọ pé wọ́n jí i o. Wọ́n bá àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìyọ̀ǹda, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ àwọn ará àdúgbò tí ìròyìn yóò máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyẹn dára ju ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lọ. Ohun tí mo ń béèrè ni pé lẹ́yìn tó ti lé ní ogún ọdún, lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ yìí kọ, kí ni ọmọ ọmọ àwọn tó na apá sílẹ̀ lè sọ pé òun mọ̀ nípa rẹ̀?

Èyí tó padà wálé

Kí ẹ má bàa rò pé ẹnu ni mo fẹ́ fi pa iṣẹ́ àwọn ènìyàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó padà wálé. Ní àwọn ọdún 1960, Dókítà Lucio Luzzatto tó wá láti Ítálì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ní UCH. Àwọn kan nínú wa wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD tó bó ṣe yẹ. Obìnrin tó bá gba àbùdá yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo máa ń ní oríṣi ẹ̀jẹ̀ méjì nínú ara kan náà, èyí tó pé àti èyí tí kò pé. Luzzatto àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wo irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásìkò tí ibà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú èyí tó pé ní ìlọ́po 2 sí 80 ju èyí tí kò pé lọ. Ní 1969 ni èyí jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Science. Wọ́n mọ̀ nígbà náà pé àbùdá tó ń ṣe àkóbá fún ẹ̀jẹ̀ yìí kò ṣàdédé pọ̀ lágbègbè wa. Ibà ló mú un pọ̀, nítorí ó ń gba ènìyàn sílẹ̀.

Àwọn dókítà ọmọdé níbí àti níbòmíràn sì ti mọ̀ pé ọmọ tuntun tí G6PD rẹ̀ kò tó, bí òórùn káńfọ̀ bá kàn án, ibà pọ́njú-pọ́njú lè mú un, kí ó sì ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ tàbí kí ó pa á. Kí ni wọ́n ṣe? Àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé e wọ ibi ìtọ́jú aláboyún. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba èyíkéyìí ní ìlú yìí láàárọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú aláboyún, kí wọ́n tó kọrin tán, kí wọ́n tó jó tán, wọ́n á ti sọ ọ́: ẹ má fi káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ o! Ìyá tí kò mọ lẹ́tà kankan nínú G6PD mọ̀ pé káńfọ̀ kò gbọdọ̀ kan aṣọ ọmọ òun. Kò sí ẹni tó ka ìyẹn mọ́ iye iṣẹ́ ìwádìí nọ́ọ̀sì kankan. Kò sí oyè ọ̀jọ̀gbọ́n nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tó dé òpin ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí à ń kà

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ ìṣírò, n ó sì yára kọjá. Bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn láyé òde òní ni pé wọ́n á ka iye ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde àti iye ìgbà tí àwọn mìíràn tọ́ka sí i. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá ní ìwé 40 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìgbà 40, wọ́n á ní h rẹ̀ jẹ́ 40, inú rẹ̀ á sì dùn. Mi ò bá ìṣírò jà. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí yóò yẹ̀ wò. Àmọ́ ìwé kan lè ní orúkọ ènìyàn ọgọ́rọ̀ọ̀rún lórí, kí ará Ìbàdàn kan wà ní ìlà kẹtàdínláàádọ́sàn-án, kí ìtọ́ka ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá máa wọlé fún un. Ọmọ iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́ta ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ gbuuru ní àdúgbò Olúnlóyọ̀ kò ní rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn. Ìṣírò yẹn kò mọ èyí tó wúlò fún Olúnlóyọ̀. A kò sì gbọdọ̀ retí pé kí ó mọ̀ ọ́n. Àwa ló yẹ kí á máa kà á.

Ẹ̀fọ́ àti rọpárọsẹ̀

Ní 2018, àwọn olùwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn ṣáájú wọn gbé iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí rọpárọsẹ̀. SIREN ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Wọ́n mú ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ mú ní Nàìjíríà àti Ghana, wọ́n wá ẹnì kan tí rọpárọsẹ̀ kò mú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, wọ́n sì wo ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun mọ́kànlá tí ènìyàn lè ṣe nǹkan sí ni wọ́n rí pé ó kó ìdá 98.2 nínú ọgọ́rùn-ún ewu náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ikùn tó yọ, àtọ̀gbẹ, sìgá, wàhálà ọkàn, iyọ̀ tí a ń wọ́n sí oúnjẹ tó ti jinná, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù ni ẹ̀fọ́: àìmáa jẹ ẹ̀fọ́ tútù wà lára ohun mọ́kànlá náà.

Ẹ̀fọ́ o! Ṣọkọ yòkòtò, tẹ̀tẹ̀, ewúro, gbúre, èyí tí owó rẹ̀ kò tó ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan!

Mo ní ìyá kan tí mo máa ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọjà Bódìjà. Mo jókòó sórí àpótí wọn lọ́jọ́ kan, mo sì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn bí wọ́n ṣe ń já ewé gbúre kúrò lára igi rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n wá máa bá àwọn polówó. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ní: “Àwọn kan ti wá gba ẹ̀jẹ̀ níbí yìí rí, ọmọ mi. Wọ́n wọ̀n mí, wọ́n fún mi ní ọṣẹ kan. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀?” N ò mọ irú ìwádìí tó jẹ́, n ò sì mọ ẹni tó ṣe é. Bóyá wọ́n ti fi gba oyè. Mo gbé ẹ̀rọ mi jáde láti wá a, àmọ́ kí ni mo fẹ́ tẹ̀ sínú rẹ̀? Ọṣẹ kan, apá kan, ọjà Bódìjà?

Ohun tó yẹ kí á máa béèrè

Ẹ̀yin ará ilé mi, n kò wá láti ní kí ẹ má na apá sílẹ̀ mọ́. Bí àwọn ará Ìdíkàn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ Ọ̀ṣúntókun ni, ìmọ̀ ìbá ti kéré sí i, àwa náà ìbá sì ti pàdánù. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí á máa béèrè ọ̀rọ̀ kí á tó na apá.

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti UCH, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí ló sì ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ḿbà náà, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ lè rí i, nítorí òun ni ìyá wa ní Bódìjà ìbá fi rí àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ, àti bóyá wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn tí ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n á padà wá sọ àbájáde, àti ẹni tí yóò wá sọ ọ́, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò tí ó ga, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń rán yín lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kò bójú mu kí ènìyàn kọ nọ́ḿbà 190 sínú ìwé rẹ̀ kí ó sì kí ẹni tó ni ín pé ó dàbọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ka ìwé ìdánwò tí yóò gbé yín lọ sókè òkun. Mi ò bú yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmiláyọ̀ Ọlọ́padé jáde ní Ìbàdàn yìí ní 1980, ó lọ sí Chicago, ó sì padà wá bá àwọn ará ilé ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin wa. Lílọ nìkan kọ́ ni wàhálà. Àmọ́ kí ẹ tó lọ, ìwé àṣekágbá tí ẹ kọ, tí ẹ fi lọ àwọn ènìyàn ní Agbowó tàbí ní Igbó-Ọrà láti béèrè ọ̀rọ̀, ẹ padà lọ síbẹ̀ fún wákàtí kan. Kí ẹ jókòó sí ilé Baálẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí ní Yorùbá tó já gaara, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè títí ó fi tó wọn. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń buwọ́ lu ìwé wọn, ẹ má buwọ́ lù ú títí wọ́n á fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí owó ìwádìí, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún rédíò, kí ẹ sì pe àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọrin káńfọ̀ yẹn wá síbi tí ẹ ti ń ṣètò iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ló mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọ etí ìyá ọlọ́mọ.

Mo rí i pé Alága ti ń wo aago, mo sì rí ọwọ́ mẹ́ta tó ti wà lókè láti ìgbà tí mo ti dárúkọ New Jersey. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá tó wọ aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Ẹ ṣeun púpọ̀.